Bí ẹ ṣe máa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí lọ sí kọ́tù nígbà tí ọwọ́ ìjọba bá wà nínú rẹ̀

Ìbátan kan ta ilẹ̀ ẹbí. Ẹni tó rà á gba ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ, wọ́n sì fún un ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni. Tàbí kí ìjọba gba ilẹ̀ náà, kí ẹnì kan nínú ẹbí yọ́ lọ gba owó gbà-máà-bínú. Lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni. Ní kọ́tù, ẹjọ́ méjì ni wọ́n so pọ̀: ti inú ilé, pé ta ló láṣẹ láti tà; àti ti ọ́fíìsì ìjọba, pé kí ni wọ́n rí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra ló máa ń pàdánù. Á máa tú àṣírí ìbátan rẹ̀ níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì fi hàn pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí rárá.

Òfin Nàìjíríà le lórí èyí: ẹni tó pẹjọ́ ni yóò fi ẹ̀rí ara rẹ̀ gba ilẹ̀. Pé ẹjọ́ ẹnìkejì ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kò sọ yín di onílẹ̀. Kódà bí ìbátan yín bá jẹ́wọ́ lójú kọ́tù, adájọ́ ò ní tìtorí ìjẹ́wọ́ nìkan kéde pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Nítorí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni èyí tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó dé kọ́tù. Ìlànà kọ́tù yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí a ṣe tò ó síbí yìí ló ṣe ń lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ilẹ̀ wo gan-an là ń jà lé?

Kí ẹ tó wá lọ́yà, ẹ wá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Bí adájọ́ ò bá lè mọ ibi tí ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, á da ẹjọ́ náà nù, bó ti wù kí ìtàn yín dùn tó. Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé orí ilẹ̀, kí àwọn àgbà tó mọ ààlà sì bá a lọ. Ìwé sọ́fè tí wọ́n bá jókòó sí ọ́fíìsì yà láti ara ìwé àtijọ́ máa ń tú ká nígbà tí lọ́yà ẹnìkejì bá bi wọnlẹ̀wọnlẹ̀ pé, "Ọjọ́ wo lo débẹ̀?" Kí àwọn ohun tí ojú ń rí wà nínú rẹ̀: pèrègún ààlà, odò, ọ̀nà oko, ibojì baba ńlá, ògiri ilé tó ti wó, igi obì tàbí ọ̀pẹ tí ẹbí gbìn, àti orúkọ àwọn ẹbí tí ẹ jọ pààlà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí ó bá ti wọn ọ́n tán, kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, kí wọ́n gbé e lé àwòrán ilẹ̀ ìjọba. Ní Èkó, Aláùsá ni; ní Ògùn, Òkè-Mọ́sàn l'Ábẹ́òkúta; ní Ọ̀yọ́, Agodi n'Íbàdàn. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ lè jẹ́ pé ìjọba ò fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé ìjọba ti gba gbogbo agbègbè náà lápapọ̀ ṣùgbọ́n kò tíì ní ohun kan pàtó tó fẹ́ fi ṣe. Ó lè jẹ́ pé ó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan, èyí tó ṣòro jù láti gbà padà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò fún àwọn ọmọ ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní excision, tí ó sì wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá fi gásẹ́ẹ̀tì yangàn, ẹ má wo orúkọ abúlé lásán. Ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yín fi nọ́ńbà ààlà inú rẹ̀ wé ti ilẹ̀ yín. Orúkọ abúlé lè bára mu, kí ilẹ̀ yín sì wà ní ìta ààlà.

Bí ìwé sọ́fè ẹnìkejì bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ ní kí wọ́n ya méjèèjì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí adájọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti gun ara wọn.

Ẹ lọ wo fáìlì náà

Ẹ san owó ìwádìí ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní CTC, fún gbogbo ìwé tó kan ilẹ̀ náà: C of O fúnra rẹ̀, ìwé títà, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi tọrọ rẹ̀, ìwé ìbúra tí ìbátan yín ṣe, àti ìkéde tí wọ́n gbé jáde kí wọ́n tó fún un. Fọ́tókópì lásán fún ìwé ìjọba kì í wọlé ní kọ́tù. Òǹtẹ̀, ọjọ́, ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ àti rìsíìtì owó tí ẹ san gbọ́dọ̀ pé. Bí òṣìṣẹ́ bá ń sọ pé fáìlì sọnù, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Ọjọ́ 7 ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Bí wọn ò bá dáhùn, lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn pàápàá ti di ẹ̀rí.

Ẹ jókòó ti àwọn ìwé náà dáadáa. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé títà, kí ẹ fi wé ọjọ́ tí àwọn tó tẹ̀ka sí i kú. Ẹ wo bóyá orúkọ olórí ẹbí tí wọ́n kọ ni ẹni tó wà lórí oyè lọ́dún náà. Ìtẹ̀ka àgbàlagbà kan tó ti wọlẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé náà ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ wo bóyá ìwé sọ́fè tó so mọ́ C of O bá ilẹ̀ tí ẹni tó rà á jókòó lé mu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í bá a mu.

Kí C of O má sì já yín láyà. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó mú un dání ló ni ilẹ̀, títí ẹlòmíràn yóò fi mú ẹ̀tọ́ tó ju tirẹ̀ lọ wá. Bí ẹ bá fi hàn pé ẹ̀tọ́ ẹbí ti wà kí wọ́n tó gbé e jáde, tí ẹni tó tà á ò sì ní nǹkan kan láti tà, kọ́tù lè fagi lé e.

Ta ló láṣẹ nínú ẹbí

Ibí yìí ni ẹjọ́ ti ń yè tàbí tí ó ti ń kú, nítorí náà ẹ má kánjú rékọjá rẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Láti tà á, olórí ẹbí, ì báà jẹ́ Dáwódù tàbí Mọ́gàjí, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí àwọn tó dúró fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) sì gbà. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959 ni kọ́tù ti là á mọ́lẹ̀ báyìí: bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà ò jẹ́ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn ìdí-igi mọ̀, títà náà dúró títí kọ́tù yóò fi fagi lé e. Ìyàtọ̀ méjèèjì lágbára. Nínú ti kejì, bí ẹ bá mọ̀, tí ẹ dákẹ́, tí ẹni tó rà á kọ́ ilé parí lójú yín, adájọ́ lè ní ẹ ti gbà á. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti fi "ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ṣe sùúrù" sọ ilẹ̀ nù lọ́nà yìí.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn fún ara yín kó tó di ti lọ́yà ẹnìkejì: ṣé wọ́n ti pín ilẹ̀ náà rí? Bí wọ́n bá ti pín in pátápátá, tí oníkálukú mú tirẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí mọ́. Ẹni tó ni ìpín lè ta ìpín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fún un láyè láti kọ́lé tàbí láti dáko, ìyẹn ò sọ ọ́ di tirẹ̀ láti tà. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n pín in ni yóò fi hàn, nípa ìwé tàbí nípa ẹni tó wà níbẹ̀. Nípa bí wọ́n ṣe ń pín in, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ti ọdún 1962 ṣì ni gbogbo kọ́tù ń tẹ̀ lé: ìdí-igi ni àṣà, ìyẹn iye ìyàwó tó bímọ, orí-ò-jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, ni olórí ẹbí lè yàn nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin ń jogún bíi ti ọmọkùnrin. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹbí, tí ẹ sì fi àwọn obìnrin tó ti relé ọkọ sílẹ̀, ẹ ti fún ẹnìkejì ní ẹlẹ́rìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá pe ìpàdé ẹbí. Kí ìkésíni dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìdí-igi, títí kan ti ìbátan tó ta ilẹ̀. Ẹ kọ àkọsílẹ̀: ọjọ́, ibi ìpàdé, àwọn tó wá, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, orúkọ ẹni méjì sí mẹ́rin tí yóò dúró fún ẹbí ní kọ́tù. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá ni olùtà, tàbí tó kọ̀ láti jà, ọmọ ẹbí kan ṣoṣo lè pẹjọ́ láti dáàbò bo dúkìá ẹbí. Kí ẹ sáà ti kọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ọjọ́ ń lọ

Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù 3. Kọ́tù ti sọ pé ẹjọ́ láti gba ilẹ̀ padà, ìwà ìkà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ hù, àti ìpalára tí kò tíì dáwọ́ dúró wà lára ohun tí òfin náà ò dè. Ní tiwa, ẹ má gbára lé èyí. Ẹ fi í sọ́kàn pé oṣù 3 lẹ ní. Fún ìjà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó rà á, ọdún 12 ni òfin Èkó fún yín. Ìpẹ̀tùsáàárín láàfin tàbí lọ́dọ̀ báálẹ̀ kì í dá òǹkà ọjọ́ dúró, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Àwọn ohun tó yẹ kó ti wọlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí: lẹ́tà lọ́yà sí ìbátan tó tà á àti sí ẹni tó rà á, ìwé ìkìlọ̀ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní caveat, kí wọ́n má bàa fọwọ́ sí títà mìíràn, àti ìwé ìfilọ̀ sí ọ́fíìsì ìjọba tó kàn. Bí ó bá kan ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àjọ tí òfin dá sílẹ̀, òfin wọn sábà máa ń béèrè fún ìfilọ̀ kí ẹ tó pẹjọ́, ó sì máa ń tó oṣù kan. Ẹ kà á mọ́ oṣù 3 yẹn dáadáa. Ẹjọ́ tí kò bá ní ìfilọ̀ yìí, ìjọba á ní kí wọ́n lé e jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìtàn yín.

Ẹ má wó ògiri ẹni tó rà á, ẹ má sì kó ọmọọ̀ta lọ síbẹ̀. Láti ọdún 2016 ni Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo dúkìá lọ́wọ́ àwọn ajagungbalẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ míì nílẹ̀ Yorùbá sì ti ṣe irú rẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló ń gbà láti sọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ di ọ̀daràn. Bí ẹ bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó jẹ́ nítorí ìwé ayédèrú tàbí ìdúnkookò. Ọlọ́pàá ò lágbára láti sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ohun tí ẹ bá sì kọ níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú lè bọ́ sọ́wọ́ lọ́yà ẹnìkejì.

Kọ́tù wo, ta sì ni ẹ máa pè?

Kọ́tù ìbílẹ̀ lè gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣà ní agbègbè tí wọn ò tíì kéde gẹ́gẹ́ bí ìlú ńlá. Bí C of O tí gómìnà fúnni bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fà á lé lọ́wọ́. A ti rí ẹjọ́ tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kọ́tù ìbílẹ̀ tó sì di òfo torí èyí nìkan. Bó bá jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ ló gba ilẹ̀ náà, ẹ ní kí lọ́yà kọ́kọ́ wo bóyá ilẹ̀ ni kókó ẹjọ́ tàbí ìpinnu àjọ náà, nítorí ìyẹn ló ń sọ bóyá Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ ni tàbí ti ìjọba àpapọ̀.

Ẹ pe gbogbo ẹni tí ìdájọ́ máa kàn: ìbátan tó tà á, ẹni tó rà á, Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àti Attorney-General ìpínlẹ̀. Kọ́tù kì í fagi lé ìwé ẹni tí wọn ò pè wá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré tó gba fáìlì wọlé kì í ṣe ẹni tó yẹ kí ẹ kó ẹjọ́ lé lórí. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni, àyàfi bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé òun gan-an ló yí ìwé.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè kàn sí Legal Aid Council. Ní Èkó, Office of the Public Defender wà, Citizens' Mediation Centre náà sì ń parí ìjà láìgbowó.

Ohun tí yóò wà nínú ìwé ìpẹ̀jọ́

Gbogbo rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé ìpẹ̀jọ́, àlàyé ẹjọ́, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n búra sí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Ohun tí kò bá sí nínú àlàyé ẹjọ́, ẹnu ẹlẹ́rìí ò lè mú un wọlé. Ẹ béèrè gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́kọ̀ọ̀kan: kí kọ́tù kéde pé ilẹ̀ ẹbí ni, kí ó fagi lé títà náà, kí ó fagi lé C of O, kí ó dá wọn lẹ́kun títí láé, kí ìbátan ṣírò owó tó gbà. Adájọ́ kì í ṣe Bàbá Kérésì. Ohun tí ẹ ò bá béèrè, kò ní fún yín.

Ọ̀nà márùn-ún ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976 láti fi hàn pé ẹ ni ilẹ̀: ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́, ìwé, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, wíwà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó fara kàn án. Ọ̀kan tó, bó bá dúró. Ẹbí púpọ̀ ń gbára lé ìtàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣubú. Ohun mẹ́ta ni ìtàn náà gbọ́dọ̀ ní: ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, bó ṣe dé ibẹ̀ (ọdẹ ni àbí wọ́n ta á lọ́rẹ), àti orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ olórí ilẹ̀ náà títí dé orí ẹ̀yin, láìsí àlàfo kankan. Bí àlàyé ẹjọ́ bá sọ pé Àkànní ló bí Òjó, tí ẹlẹ́rìí kejì sì ní àbúrò ni wọ́n, lọ́yà ẹnìkejì á dìde, á ka méjèèjì sétí adájọ́, á sì jókòó. Ìtàn bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, kí àwọn ẹlẹ́rìí jókòó pọ̀ kí ẹ tó kọ̀wé, kí ẹ yanjú ohun tó ń rú wọn lójú. Ẹni tí kò bá mọ ohun kan, kó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Bí ìtàn ẹbí méjèèjì bá ta kora, kọ́tù á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ìgbà tí ojú ṣì ń rántí: ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ló ń kórè ọ̀pẹ, ta ló sin òkú síbẹ̀. Ẹni tó bá yín pààlà, tí kò sì bá yín tan, ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Fọ́tò inú fóònù wúlò, ṣùgbọ́n ó nílò ìwé ẹ̀rí tí òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè lórí ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Ẹ rán lọ́yà létí.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá pẹjọ́ náà ni kí ẹ béèrè fún àṣẹ tó máa dá iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Kọ́tù á béèrè pé kí ẹ ṣe ìlérí láti san owó bí ó bá hàn lẹ́yìn pé kò yẹ kí wọ́n fún yín.

Bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá gba ilẹ̀

Òfin gbà kí gómìnà gba ilẹ̀ fún ìlò ará ìlú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún onílẹ̀ ní ìwé ìfilọ̀, kí ó sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yín, tí wọ́n sì gbé e fún ẹni aládàáni láti fi ṣe ti ara rẹ̀, ẹ lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Bí ìfilọ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, ìyẹn náà lè mú kí gbígbà rẹ̀ di asán. Apá 44 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún yín láṣẹ láti lọ sí kọ́tù, kí wọ́n sì san owó yín láìfi falẹ̀.

Nípa owó náà, ẹ má retí iye tí ilẹ̀ ń tà lọ́jà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ń sanwó ilé, irè oko àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe sórí ilẹ̀. Fún ilẹ̀ lásán, owó ilẹ̀ ọdún tí wọ́n gbà á nìkan ni. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá ka kòkó, obì àti ọ̀pẹ fi ṣe pàtàkì. Kí ẹni méjì láti ìdí-igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n máa kà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí kí wọ́n tó kúrò lóko.

Òfin náà tún gbà kí wọ́n san owó ilẹ̀ àpapọ̀ fún olórí àwọn tó ni ín. Ihò tí ìbátan olójúkòkòrò ń gbà wọlé nìyí. Ẹ tètè kọ lẹ́tà àtakò sí ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ẹ so àkọsílẹ̀ ìpàdé àti orúkọ gbogbo ìdí-igi mọ́ ọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n san án sí àkáùǹtì tí ó kéré tán ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí. Bí ìjà bá ti bẹ́, ẹ ní kí kọ́tù pàṣẹ pé kí owó náà wà lọ́wọ́ kọ́tù títí ìdájọ́ yóò fi wáyé.

Ìpẹ̀tùsáàárín, ìdájọ́ àti ohun tó tẹ̀ lé e

Bí ẹ bá parí ìjà nílé, ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ fọwọ́ sí i, kí kọ́tù sì sọ ọ́ di ìdájọ́. Àdéhùn tí ìbátan àti ẹni tó rà á fọwọ́ sí, tí ọ́fíìsì ìjọba ò fọwọ́ sí, kò ní yí ohun tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ padà.

Oṣù 3 ni ẹni tí ìdájọ́ ò tẹ́ lọ́rùn ní láti lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ ìkẹyìn; lórí àṣẹ tí kọ́tù pa nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ọjọ́ 14 péré ni. Bí ẹ bá borí, ẹ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ ìdájọ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí bélífù sì fi àṣẹ kọ́tù gba ilẹ̀ fún yín. Bí kọ́tù bá ní kí ìjọba san owó, ẹ ò lè dédé lọ dí àkáùǹtì ìjọba ní báńkì. Òfin béèrè pé kí Attorney-General kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ìbéèrè yẹn ni kí lọ́yà yín kọ́kọ́ kọ, kí ó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà mọ́.